Ẹni Tó Mú Oníbàárà Gòkè Ló Máa Mú Un Sọ̀

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, mi ò ní fi òwe yẹn dí yín lọ́nà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá gorí àpáta, díẹ̀ ni yóò rí yà. Ẹ máa gòkè. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí ẹ ó ṣe sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó san owó fún yín, tí inú rẹ̀ á dùn sí yín lọ́jọ́ náà, tí á ṣì dùn sí yín ní ogún ọdún sí i.

Oníbàárà tó bá tẹ̀ lé ọ lọ sórí òkè ti fi nǹkan mẹ́rin lé ọ lọ́wọ́: ara rẹ̀, aṣọ rẹ̀, owó rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wàá dá padà. Bí fọ́tò bá rẹwà títí, tí ìyàwó sì fẹsẹ̀ rọ́, o ò ṣiṣẹ́. Bí o bá mú un sọ̀ láyọ̀, tó wá di oṣù mẹ́fà kí fọ́tò tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìwọ náà ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Orí òkè lo ṣì wà.

Kò sí òkè tí kò ní olúwa

Àwọn àlejò tó ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá máa ń rò pé òkúta lásán ni wọ́n ń wò. Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ yìí ò gbọ́dọ̀ rò bẹ́ẹ̀. Òkè Aṣabari wà ní Ṣakí, Òkè Ìyàmọ̀pọ́ wà ní Ìgbẹ́tì, Ìsẹ́yìn ní Òkè Ẹbẹ̀dí, Òkè Àdó sì wà ní Àdó-Àwáyè. Láyé ogun, orí òkè ni ibi ìsádi fún ọ̀pọ̀ àwọn baba wa, torí ẹni tó wà lókè ló ń rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ará Àdó-Àwáyè pẹ́ lórí òkè tiwọn kí wọ́n tó sọ̀ wá síbi tí ìlú wà lónìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ohun tó wà lókè níbẹ̀ fi ní orúkọ àti ìtàn. Ìyákẹ̀ ni omi tó dá dúró lórí àpáta, lókè téńté. Ìṣàgẹ ni òkúta ràgàjì tó dá dúró láìsí ohun tó tì í lẹ́yìn, èyí tí wọ́n máa ń fi aṣọ funfun wé nígbà ètùtù òjò. Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà ni àwọn kòtò tó rí bí atẹ́lẹsẹ̀ èèyàn lára àpáta.

Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀, má dá a lóhùn pé ó ti yá. Kọ́kọ́ lọ fúnra rẹ. Rí àwọn tó ń bójú tó òkè náà nísàlẹ̀, kí o bá wọn mú afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú. Bi í léèrè ibi tí wọn kì í tẹ̀, ibi tí wọn kì í gbé kámẹ́rà sí, àti ọjọ́ tí wọ́n ní nǹkan ṣe lókè. Abèèrè kì í ṣìnà. Bó bá ní kí o bọ́ bàtà, bọ́ ọ, kí o sì ti sọ fún oníbàárà kó tó kúrò nílé pé ó lè kan bíbọ́ bàtà, kó má di pé ẹ ń bá ara yín jiyàn níwájú ẹni tó nilẹ̀. Wàá bá àwọn tó wá gbàdúrà lókè náà. Ẹni tó dojú bolẹ̀ tó ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún fọ́tò ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Yí kámẹ́rà rẹ síbòmíràn.

Ti igbó ọba tún yàtọ̀. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ igbó tó yí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ká di ọgbà orílẹ̀-èdè, Old Oyo National Park. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, ẹ má sì wọ ibẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́ ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ti mú kí gbogbo ọ̀nà oko gba ìfura, ẹni tó gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó gbà á lọ́dún tó kọjá. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi dróònù ṣiṣẹ́, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, NCAA, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ ààbò, kẹ́ ẹ tó gbé e sókè. Ṣakí ò jìnnà sí ẹnubodè ilẹ̀ Benin. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ́bodè tàbí sójà lójú ọ̀nà, inú báàgì ni kí kámẹ́rà wà.

Ara

Kí ọjọ́ tó pé, béèrè nípa ìlera ẹni tó o fẹ́ mú gòkè. Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ikọ́ fée ń yọ wọ́n lẹ́nu? Orókùn ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, ṣé oyún ò sí nínú? Ìkọ̀kọ̀ ni kí o ti bi ìyẹn o. Ọmọ onífọ́tò tó bá béèrè oyún lọ́wọ́ ìyàwó níwájú ìyá ọkọ ti dá ìjà sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí ya fọ́tò mọ́.

Àtẹ̀gùn Òkè Àdó lé ní 300, bó bá sì tán, àpáta gbalaja ló kù. Ẹni tó ń jókòó lọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́ ní Èkó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ hẹlẹ kó tó dé ìdajì. Má ṣáájú rẹ̀ kó o máa pè é láti òkè pé "Ó ti kù díẹ̀!" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o máa rìn. Bó bá dúró, ìwọ náà dúró, kí o díbọ́n pé lẹ́ńsì lò ń nù. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ló ń fa ìrìn sẹ́yìn.

Bí ìyá tàbí baba bá ti dàgbà, má jẹ́ kí wọ́n gòkè rárá. Kí ọmọ tó gòkè ni kó o ti gbé àga fún wọn nísàlẹ̀, kí o ya wọ́n tán. Gbé wọn síwájú òkè, kí ìwọ rìn sẹ́yìn gan-an, kí o fi lẹ́ńsì gígùn yà wọ́n. Lẹ́ńsì gígùn máa ń fa ohun tó wà lẹ́yìn súnmọ́ni. Òkè á gba gbogbo ojú ọ̀run lẹ́yìn wọn, wọn ò sì ní gun àtẹ̀gùn kan.

Lẹ́ńsì yìí kan náà ni kẹ́ ẹ fi dáhùn oníbàárà tó ní òun fẹ́ dúró sí bèbè àpáta nítorí òun rí i lórí Instagram. Dá a dúró síbi tó tẹ́jú, jìnnà sí bèbè. Kí ìwọ lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, kí o bẹ̀rẹ̀, kí o fa òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán súnmọ́ ọn. Nínú fọ́tò, wàá rò pé etí ọ̀gbun ló dúró sí. Ìyá rẹ̀ tó bá rí i á pariwo, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣọ́ oníbàárà, ẹ ṣọ́ ara yín náà. Èèyàn iṣẹ́ wa máa ń fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ojú nínú kámẹ́rà, torí ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn wọ inú fọ́tò. Ní ilé, ògiri ló máa dá a dúró. Lórí òkè, kò sí ògiri. Òfin kan ṣoṣo ni: bí ojú bá wà nínú kámẹ́rà, ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Bó o bá fẹ́ sún, gbé kámẹ́rà kúrò lójú, wo ẹ̀yìn rẹ, sún, kó o tó tún gbé e.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa mú. Lápá ibi tiwa lágbàáyé, oòrùn kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bó bá ti yọ, ó ń lọ sókè tààrà ni. Ìmọ́lẹ̀ tó dẹ̀, tó pọ́n díẹ̀, tó ń mú kí ara èèyàn máa dán, kì í pé wákàtí kan kó tó lọ. Nígbà ọyẹ́, oòrùn ò yọ títí aago méje ń lọ lù. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tó kí ẹsẹ̀ ríran. Kó tó di ọ̀sán gangan, kí gbogbo yín ti wà nílẹ̀, torí àpáta máa ń gba ooru sínú ni, yóò sì máa dá a padà sí yín lára. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ náà dáa, bóyá ó tiẹ̀ dáa jù, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá dá nìkan lọ pẹ̀lú afinimọ̀nà, ẹ lè dúró dè é. Ẹ má mú oníbàárà dúró dè é.

Ní ti òjò, oṣù kẹta sí ìkẹrin àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kẹ́ ẹ fura sí jù, nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó ń kásẹ̀, torí ìjì àti àrá ló máa ń bá a wá. Orí àpáta gbalaja, èèyàn ló ga jù. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lápá kan, ẹ sọ̀. Ẹ má ní kẹ́ ẹ ya ẹyọ kan sí i. Bó bá rọ̀ tán, ẹ má tún gòkè lọ́jọ́ náà, nítorí àpáta tó tutù ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹ dá ọjọ́ mìíràn, ẹ má sì gba owó kún owó. Oníbàárà ò rán òjò níṣẹ́.

Ẹ mú omi tó pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ, gúlúkóòsì, báńdéèjì, tọ́ọ̀ṣì àti agboòrùn. Ẹ sọ fún ẹnì kan nísàlẹ̀ iye ẹ̀yin tó gòkè àti àkókò tẹ́ ẹ máa sọ̀. Bẹ́ ẹ bá délẹ̀, ẹ ka èèyàn kẹ́ ẹ tó ka fọ́tò.

Aṣọ

Kí ìyàwó tó wá láti Èkó wá fi òfì tó ń wọ́lẹ̀ gun àtẹ̀gùn, kò sí ohun tó burú tó o. Aṣọ ìrọ̀rùn àti bàtà pẹlẹbẹ onírọ́bà ni ká fi gòkè. Inú báàgì ni aṣọ òkè wà, ẹni tó máa we gèlè sì ń bá wa lọ. Kí ọmọṣẹ́ rẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé etí ìró sókè níbi tí koríko bá wà. Èèmọ́ tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ òkè, fífà ló ń fa òwú yọ, aṣọ tí wọ́n fi owó ńlá rà á sì di aṣọ àfijókòó lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Ìsẹ́yìn, ojú tì yín bí ẹ ò bá mọ aṣọ òkè yà. Ẹ mọ ẹtù, tó dúdú bí aró. Ẹ mọ sányán, aláwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ mọ àlàárì tó pọ́n. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń tan kámẹ́rà lọ́nà tirẹ̀. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ. Iye ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀, ohunkóhun tó bá sì rí, àárín dúdú àti funfun ló fẹ́ fà á sí. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Aṣọ á jáde dáadáa, ojú ìyàwó á ṣókùnkùn. Bí baba bá wọ agbádá ẹtù, yóò ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, á bù kún un. Ẹtù á di aláwọ̀ eérú, iwájú orí baba á sì máa kọ mànà. Ojú ni kẹ́ ẹ máa wọn. Ẹ súnmọ́ ojú ẹni tẹ́ ẹ ń yà, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó padà sẹ́yìn. Aṣọ á tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé àìmọ̀ọ́ṣe àwa tó ṣáájú yín ló fà á tí ojú àwọn àgbà fi dúdú kirikiri nínú fọ́tò aláwọ̀ àtijọ́. Fọ́tò obìnrin òyìnbó kan, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fíìmù pé kí wọ́n fi díwọ̀n àwọ̀. Ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé. Ìráhùn àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àga onígi pé ọjà àwọn ò jáde dáadáa nínú fọ́tò wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù náà ṣe. Àwa ò dúró dè wọ́n. Aṣọ funfun la máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè da ìmọ́lẹ̀ sójú oníbàárà, ọgbọ́n náà ò sì tíì gbó. Lórí òkè pàápàá, ẹ lè rí i ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ dá oníbàárà dúró sábẹ́ òjìji òkúta ńlá, kó kọjú síbi tí ìta mọ́lẹ̀, àpáta tí oòrùn ń pa níwájú rẹ̀ ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú láti ìsàlẹ̀.

Ọyẹ́ ní òfin tirẹ̀. Eruku Sàhárà ló ń gbé wá láti oṣù kejìlá sí ìkejì, tí òkè tó wà ní ọ̀kánkán á parẹ́. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́; inú báàgì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ má fi ìdí ṣẹ́ẹ̀tì nu lẹ́ńsì, iyanrìn ló wà nínú eruku yẹn, yóò sì ha á. Ẹ fi ohun tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ lé e lọ ná. Bí oníbàárà bá sọ fún yín lóṣù kìíní pé òun fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn òun, ẹ sọ òótọ́ fún un pé koríko ti gbẹ, wọ́n sì ti ń dáná sungbó. Ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kó wá, ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé òjò, nígbà tí òjò bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run. Bó bá jẹ́ pé oṣù kìíní náà ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ fi kùrukùru náà ṣe ẹwà: òkè lẹ́yìn òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Ẹ tún mọ ilé ahunṣọ. Abẹ́ àtíbàbà ló jókòó sí, òwú rẹ̀ nà gbọọrọ já gbàgede, ohun tó wúwo ló sì ń fà á le níparí. Inú àtíbàbà ṣókùnkùn, ìta mọ́lẹ̀ kedere. Bẹ́ ẹ bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ kọjú sí ìta, òjìji lásán lẹ máa yà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ìmọ́lẹ̀ ìta bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ àti ìdajì ojú rẹ̀. Ẹ má ní kó dúró kó wo kámẹ́rà. Ẹ tẹ́tí sí òfì: ọ̀kọ̀ á gba àárín òwú kọjá láti ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì á gbà á, òfì á dún pàkà, ọ̀kọ̀ á tún padà. Ìgbà tí ọwọ́ bá gba ọ̀kọ̀ ni ọwọ́ máa ń dúró wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ san owó àkókò rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lẹ wá dá dúró.

Owó

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti parí ọ̀rọ̀ owó. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ wa láti dárúkọ owó, pàápàá bí oníbàárà bá ń pè wọ́n ní "àbúrò mi" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àbúrò náà ń jẹun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp: iye owó gbogbo, iye tó máa san sílẹ̀, ẹni tó máa san ti ọkọ̀ àti ti afinimọ̀nà, iye fọ́tò tó máa gbà, ọjọ́ tó máa gbà á, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bí òjò bá rọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín, ọjọ́ kan tẹ́ ẹ fi ya fọ́tò nìkan lẹ ń kà. Ẹ ka ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ wo ibẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ fi gba iná sí bátìrì, dátà tẹ́ ẹ fi fi fọ́tò ránṣẹ́, òru tẹ́ ẹ fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, àti kámẹ́rà tó ń gbó díẹ̀díẹ̀. Kí àsansílẹ̀ bo gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ná, kó má jẹ́ pé owó ara yín lẹ fi ń ṣe àlejò fún oníbàárà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàánú ẹnì kan, ó dáa. Ẹ dárúkọ iye rẹ̀ gan-an fún un, kẹ́ ẹ tó yọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yọ. Ẹni tí a kò sọ iye oore fún, yóò rò pé iye tí ọjà ń jẹ́ nìyẹn, yóò sì rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Ẹ má fi iye fọ́tò díje. Seydou Keïta, ará Màlì, ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ ní Bamako lọ́dún 1948. Fíìmù wọ́n nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ó máa ń tún ọwọ́ ṣe, á tún aṣọ ṣe, á yí orí díẹ̀, títí ohun gbogbo á fi jókòó. Káàdì kámẹ́rà tiyín lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n oníbàárà ò fẹ́ fọ́tò 800 tí wọ́n jọra. Ẹ ṣà á fún un. Ṣíṣà wà lára ohun tó san owó fún.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ dá ni kẹ́ ẹ gbé e fún un. Lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́, inú rẹ̀ á dùn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Bí nǹkan bá fẹ́ fà á sẹ́yìn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè é. Iṣẹ́ wa ò mọ ohun tó ń ba orúkọ jẹ́ ju kí ìyàwó ti bímọ, kí fọ́tò ìgbéyàwó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà onífọ́tò.

Ojú

Èyí ló gba ìṣọ́ra jù, torí ojú ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n nígbà tí kò bá sí mọ́.

Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a yà wọ́n. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣèwádìí fọ́tò láàárín àwa Yorùbá, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1978. Ó rí ohun tí gbogbo wa ń ṣe: àgbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókùn, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n lè tún jẹ́ méjì. Ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń fẹ́ kí baba rẹ́rìn-ín, kó yí ẹ̀gbẹ́, kó fò sókè. Ẹ kọ́kọ́ yà á bó ṣe fẹ́. Ẹ kúnlẹ̀, kí kámẹ́rà wà ní ọ̀gangan àyà rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró lé e lórí, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọdé. Bẹ́ ẹ bá fún un ní tirẹ̀ tán, ó ṣeé ṣe kó fún yín ní ẹ̀rín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fóònù àti ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa ojú rẹ́. Ìyá kọ àbàjà, ọmọ onífọ́tò tẹ nǹkan kan, àbàjà pòórá. Ó tún fi kún àwọ̀ ìyá títí ó fi pupa. Ta wá ni wọ́n gbé fún ọmọ? Èyí ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: ohun tó máa lọ fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, irú bí irorẹ́, ẹ pa á rẹ́. Ohun tó bá a dé ibi tó dé, pélé, gọ̀ǹbọ́, àpá, ewú, ẹ fi sílẹ̀, àyàfi bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kẹ́ ẹ mú un kúrò.

Ẹ má gbé fọ́tò oníbàárà sórí Facebook láìbi í. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín fún ìlò ilé ara rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti ní kẹ́ ẹ má gbé e sáyé. Kí ìbéèrè yìí wà nínú ìwé tẹ́ ẹ kọ nílẹ̀, kó má di ẹjọ́. Bó bá gbà lónìí tó sì ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ lọ́la, ẹ yọ ọ́, ẹ má bi í nídìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọ́jú rẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ fọ́tò n'Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin wa lọ́dún 1968. Irun lásán ni lójú ẹlòmíràn. Ó kó négátíífù rẹ̀ pamọ́, ó tò ó, ó mọ èyí tó wà níbi tó wà. Lọ́dún 2013, wọ́n gbé àwọn fọ́tò náà kọ́ sí ìpàtẹ ńlá Venice ní Ítálì, kó tó kú lọ́dún 2014. Bó bá jẹ́ pé ó jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ ni, ọ̀pọ̀ irun tí àwọn ìyá yín dì ò ní ní ẹ̀rí kankan lónìí. Tiyín ò ní ikán, ṣùgbọ́n dírááfù tẹ́ ẹ kó fọ́tò sí máa ń kú lójijì. Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tọ́jú fọ́tò kọ̀ọ̀kan sí, kí ọ̀kan má sí nínú ilé yín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yà á náà ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ, ìlú, òkè àti ọjọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó máa rántí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Bí ọmọ kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jọ́ iwájú, tó ní òun ń wá fọ́tò ìyá òun tẹ́ ẹ yà lórí Òkè Àdó kí wọ́n tó bí òun, ẹ gbé omi fún un, ẹ fún un lájókòó, kẹ́ ẹ sì ti fa fọ́tò náà yọ kó tó mu omi tán. Iye tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ní kó jókòó, kí n ya òun náà, ìyẹn ló sì máa san.